Tíì Tí Wáípó Kò Mu

Thamesmead, London
Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, 2025

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àárò mi. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ fojú inú rí mi. Ṣé ara yín le? Ṣé etí yín kò dùn yín mọ́? Mo mọ̀ pé ẹ kò gbọ́ fóònù mọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sínú bébà, tí mo sì ń fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Moráyọ̀ oníkẹ́míìsì. Ẹ bá mi kí i. Ẹ sọ fún un pé kó má kà á kó tó fún yín, torí ó níbi tó ń tì mí lójú.

Oṣù mẹ́jọ nìyí tí a ti ṣe ìgbéyàwó, mi ò tíì lè pe ọkọ mi lórúkọ. Bó bá wà ní kíṣìnì, tí mo fẹ́ kó bá mi mú nǹkan wá, "ẹ gbọ́ ná" ni màá máa sọ. Òun á wá bojú wẹ̀yìn, á ní, "Ta nìyẹn? Ṣé àlejò wà?" Á máa rẹ́rìn-ín.

Mo ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Nusirat ní Woolwich, mò ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò, mò ń pààrọ̀ síìpù. Àǹtí ní ọwọ́ mi mọ́, pé ẹnu mi ni kò yá. "Ṣọlápé, kí kọ́sítọ́mà náà dáadáa jọ̀ọ́, wọ́n á rò pé o ń bá wọn jà."

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ gan-an nìyí. Ọkọ mi fẹ́ mú mi lọ sí Ṣáínà lóṣù tó ń bọ̀. Kì í ṣe ọjà la fẹ́ lọ rà. Ẹ rántí pé ará ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀, Juliana tí wọ́n ń pè níbí, ẹni tó kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ìyá tó bí Juliana ṣì wà láàyè. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni, ìlú kékeré kan létí odò ló ń gbé, níhà gúúsù. Wáípó ni wọ́n ń pe ìyá ìyá ẹni níbẹ̀. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ Dádì, bàbá ọkọ mi, ní London, Wáípó kò sọ rere, kò sọ búburú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló tíì rí ọkọ mi, ọmọ ọdún méje ni nígbà yẹn. Bí ọdún bá yí po, ọkọ mi á pè é lórí fóònù: o ti jẹun? Mo ti jẹun. Ó parí.

Màmá, ohun tí mò ń fẹ́ ni pé kó gbà wá. Ọkọ mi kò sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ni kò ti jẹun bó ṣe ń jẹ ẹ́. Nínú gbogbo ìdílé ìyá rẹ̀, obìnrin yẹn nìkan ló kù fún un. Bí Wáípó bá kẹ̀yìn sí mi, mo mọ̀ pé ọkọ mi kò ní tìtorí ẹ̀ fi mí sílẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ máa bàjẹ́ lọ́nà tí mi ò ní lè tún un ṣe.

Ẹ kọ́ mi. Báwo ni kí n ṣe kí i? Nínú gbogbo èdè wọn, "ṣé ẹ ti jẹun" nìkan ni mo gbọ́.

Ọmọ yín tó ń dúró de ẹnu yín,
Ṣọlápé


Ẹpẹ́
Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹta

Àwẹ̀ró mi,

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi. Ara le. Etí òsì ti dákẹ́ pátápátá, ti ọ̀tún ṣì ń gbọ́ ariwo àkùkọ, ìyẹn náà tó. Moráyọ̀ ní òun kò kà á, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló ń rín nígbà tó gbé e fún mi, nítorí náà fi ọkàn balẹ̀, ó ti kà á.

Kí n tó dá ọ lóhùn, jẹ́ kí n sọ tinú mi. Lọ́jọ́ tí ẹ ń ṣe ìgbéyàwó ní gbọ̀ngàn ìjọba Woolwich, wọn kò fún mi ní físà. Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tí mo rán sílẹ̀, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, fọ́tò ni mo fi rí ọ. Mi ò sọ nǹkan kan. O kò kúnlẹ̀ níwájú mi kí n gbọ́wọ́ lé ọ lórí, bí ìyá mi ṣe ṣe fún èmi náà. Mi ò sọ nǹkan kan. Wàyí o, o fẹ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ kúnlẹ̀ fún ìyá ẹlòmíràn ní Ṣáínà kó o tó wá síbí. Ó dáa. Mo ti sọ ọ́, mi ò ní tún un sọ.

Ní ti bí wàá ṣe kí i, ìkúnlẹ̀ kò lédè. Bó o bá ti dé ẹnu ọ̀nà, kó o tó sọ báàgì kalẹ̀, fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀. Kì í ṣe èyí tí àwọn ọmọ London ń ṣe, tí wọ́n á kàn tẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tí owó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kúnlẹ̀! Láràárọ̀, bó o bá ti fọ ẹnu tán, kúnlẹ̀ kí i. Má jókòó nígbà tó bá ń bẹ lórí ìdúró. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé níwájú ère ni wọ́n ti ní kó o kúnlẹ̀, o mọ Ẹni tí à ń sìn nílé wa.

Mú súwẹ́tà dání. Kí Káyọ̀ ọkọ rẹ fún mi, kó o sì bi í léèrè ìgbà tí ìyá ìyàwó rẹ̀ máa fojú kan ọmọ ẹ̀.

Èmi ìyá rẹ


Létí odò, Guangxi, Ṣáínà
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin

Màmá mi,

Ẹ kú ojú lọ́nà. A ti dé láyọ̀, ọjọ́ mẹ́ta rèé. Ọkọ̀ òfuurufú, ọkọ̀ ojú irin, bọ́ọ̀sì, a sì tún fẹsẹ̀ rìn lábẹ́ òjò.

Ìlú yìí dákẹ́, Màmá. Àwọn òkè rẹ̀ dúró ṣánṣán lọ́kọ̀ọ̀kan bí òkìtì ọ̀gán, odò wá gba àárín wọn kọjá. Àwọn ọ̀dọ́ ti lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú ńlá, àwọn arúgbó àti ọmọdé ló kù. Àtẹ̀gùn òkúta ló sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀yìn ilé dé inú omi: wọ́n ń fọ ẹ̀fọ́ lórí àtẹ̀gùn òkè, wọ́n ń fọ aṣọ lórí ti ìsàlẹ̀. Ẹfọ̀n máa ń rì sínú omi dé ọrùn lọ́sàn-án, á dijú. Bó bá jẹ́ pé inú mi dùn ni, ǹ bá ní mi ò rí ibi tó tutù tó báyìí rí.

Màmá, mo ti bà á jẹ́. Mi ò sì mọ ohun tí mo ṣe.

Wáípó wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí a dé, ó ń bó ọ̀mùnú ọparun tí wọ́n ń sè jẹ. Obìnrin kékeré ni, kò ju èjìká mi lọ. Mo ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí. Báàgì wà léjìká mi, mo fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ lórí òkúta tó tutù. Ó wo ojú mi. Ó wo ọwọ́ mi méjèèjì. Ó wá fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò, ó jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ọkọ mi ní, "Bó ṣe ṣe fún mọ́mì mi náà nìyẹn." Ó gba báàgì léjìká mi.

Láràárọ̀ ni mò ń kúnlẹ̀ kí i. Láràárọ̀ ló ń dìde lọ sétí odò.

Ṣùgbọ́n ó ń fún mi jẹun o! Kò ní wo ojú mi, á kàn fi igi méjì tí wọ́n fi ń jẹun mú ẹran sínú abọ́ mi. Mo jẹ ẹ́ tán kí n má fi oúnjẹ rẹ̀ ṣòfò, ó tún bu òmíràn. Mo tún jẹ ẹ́ tán, ó tún bu òmíràn. Ọkọ mi wá fẹnu sí mi létí: "Fi díẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ abọ́, àbí títí ilẹ̀ máa fi mọ́ lo fẹ́ jẹun?" Ní òwúrọ̀ ó máa ń gún ewé tíì àti atalẹ̀ àti ààyù nínú ìkòkò irin, á fi iyọ̀ sí i, á da ìrẹsì tí wọ́n yan lé e. Ó ń ta lẹ́nu, ó sì ń mú ara yá. Lánàá mo ní kí n bá a gún un. Ó gbé ọmọ odó náà fún mi. Àwa tí a ti gúnyán rí, mo gún un débi tí ìkòkò fi ń dún bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gba ọmọ odó padà lọ́wọ́ mi. Ó dà bíi pé ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀.

Ẹ kọ̀wé sí mi kíákíá. Kí ni kí n ṣe?

Ṣọlápé


Létí odò
Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹrin

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò tíì rí èsì yín, ọkàn mi kò sì lélẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ kọ èyí.

Aládùúgbò kan wà níbí, obìnrin tó ń fi ọparun tukọ̀. Láàárọ̀ àná ó rí mi lórí ìkúnlẹ̀, ó rí i tí Wáípó ń lọ sétí odò, ó bú sẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn mú. Ọkọ mi bi í pé kí ló pa á lẹ́rìn-ín. Ó ní níbí, ẹ̀ẹ̀kan ni ìyàwó ń kúnlẹ̀ fún àgbà ilé ọkọ, ife tíì á sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Bí àgbà náà bá mu ún, ìyàwó di ọmọ rẹ̀. "Ìyàwó tìrẹ," ó ní, "láràárọ̀ ló ń kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo! Bí ẹni tó ń pe èèyàn wá jẹun, tó wá ń ṣí ìkòkò tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ fún un."

Màmá, ojú tì mí, inú mi sì dùn. Mo ní, ṣé ohun tó ṣẹlẹ̀ kò jù báyìí lọ! Ọkọ mi kò mọ̀ rárá, Thamesmead ni wọ́n ti tọ́ ọ, níbo ló ti fẹ́ mọ̀ ọ́n? Obìnrin ọlọ́kọ̀ yá wa ní ife pupa méjì, ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń se é, pẹ̀lú èso pupa kékeré kan àti súgà. Lọ́sàn-án àná, mo kúnlẹ̀ níwájú Wáípó, mo gbé ife sókè.

Ó gbà á, Màmá. Ó gba ife náà lọ́wọ́ mi! Ó gbé e dé ẹnu. Ó wá dúró, ó bi ọkọ mi léèrè ọ̀rọ̀ kan. Ọkọ mi ní, "Ó ní ìyá rẹ ńkọ́, ṣé ó ti mu tirẹ̀?"

Mi ò lè parọ́. Mo ní kí ó sọ fún un pé ẹ kò sí níbi ìgbéyàwó wa, wọn kò jẹ́ kí ẹ wá.

Ó gbé ife náà padà sí ọwọ́ mi. Ọkọ mi ń túmọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, torí èdè ọmọ ọdún méje ló gbọ́. Wáípó ní nílé àwọn, obìnrin tó bí ìyàwó ló ń kọ́kọ́ mu tíì, kí ìyàwó tó fẹsẹ̀ kúrò nílé. Ó ní ọmọ òun ṣe ìgbéyàwó ní London, ìdílé ọkọ gbàdúrà lé e lórí, wọ́n jẹ, wọ́n mu, oṣù kẹta lẹ́yìn ìyẹn ni òun gbọ́ lórí fóònù. Ó ní kì í ṣe pé ọkọ tí ọmọ òun fẹ́ ló dun òun. Ó ní, "Mo mọ bó ṣe ń rí lọ́nà ọ̀fun. Mi ò ní mu tíì ìyá kan mọ́ ọn lójú." Ó fọ ife méjèèjì, ó dojú wọn dé sórí tábìlì.

Ẹ̀yin ló ń dúró dè, Màmá. Bí ẹ kò bá sọ̀rọ̀, kò ní mu ún. Ọjọ́ kẹrìnlélógún ni a ń lọ.

Ṣọlápé


Ẹpẹ́
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹrin

Àwẹ̀ró,

Moráyọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú, òní ló dé tó fi lẹ́tà ọjọ́ kẹsàn-án hàn mí. Ó ní fọ́tò mìíràn wà níbẹ̀ tí kò tíì ṣí, pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa. Mi ò lè dúró dè é.

Ta ni obìnrin yẹn? Ọmọ mi kúnlẹ̀ lórí òkúta nínú òjò, ó wá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá? Bí ẹni rí ajá? Má kúnlẹ̀ fún un mọ́. Orúnkún yẹn, èmi ni mo bí i. Kó ẹrù rẹ. Sọ fún Káyọ̀ pé mo ní bó bá jẹ́ pé ó mọ̀ pé bí ìyá àgbà òun ṣe rí nìyí, kò yẹ kó mú ọ débẹ̀. Mo sọ fún ọ pé kó o wá sílé, Ṣáínà lo yàn.

Ẹran tó ń kó sínú abọ́ rẹ yẹn nìkan ni kò yé mi. Èmi, bí mo bá kórìíra èèyàn, egungun ni màá bù fún un. Ṣùgbọ́n kó ẹrù rẹ.

Èmi ni


Létí odò
Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹrin

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀, mo yíkàá. Lẹ́tà yín dé, mo lọ sunkún létí odò. Wáípó wá jókòó tì mí lórí àtẹ̀gùn, ó ń bó ẹ̀pà sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

Ẹ má bínú sí ọkọ mi. Ẹ má bínú sí i rárá. Ẹ ní kí Moráyọ̀ ṣí fọ́tò kejì, ti ọjọ́ kẹtàlá. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dí i lọ́wọ́, kó gun òkè ilé epo lọ, ó máa ń dáa níbẹ̀. Láràárọ̀ ni Wáípó ń fọ ife méjèèjì tí ẹnikẹ́ni kò fi mu nǹkan. Nírọ̀lẹ́ á na ìka sí fóònù ọkọ mi, ọkọ mi á mi orí pé rárá, á lọ bá iṣẹ́ rẹ̀.

Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ.

Ṣọlápé


Ẹpẹ́
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹrin

Àwẹ̀ró ọmọ mi,

Mo ti kà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Mo ní kí Moráyọ̀ jáde kí n lè dá wà.

Mo ti bú ìyá oníyàá. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, kí ìwọ náà dárí jì mí. Bá mi tọrọ gáfárà lọ́wọ́ Káyọ̀ kó o tó sùn. Àna mi kò ṣẹ̀ mí.

Àṣírí kan rèé. Owú ni mò ń jẹ. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó yín ni, kò sì sẹ́ni tí mo sọ ọ́ fún, kódà lórí àdúrà mi ò sọ ọ́. Mo rò pé èmi nìkan ló ń ṣe, pé ọmọ kúrò nílé mi tí ẹnikẹ́ni kò wẹ̀yìn wò ó bóyá mo wà níbẹ̀. Àṣé ẹnì kan wà ní ìpẹ̀kun ayé tí irú rẹ̀ ti ń ṣe láti ọgbọ̀n ọdún. Ọmọ tirẹ̀ sì ti kú. Èmi ṣì ní tèmi.

Ní kí Káyọ̀ ka ibi tó kàn yìí fún un, kó máa kà á díẹ̀díẹ̀:

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ mi. Ẹ kú ọ̀fọ̀ ọmọ yín, mo ti pẹ́ kí n tó kí yín. Mo gbọ́ pé ẹ ń dúró dè mí. Ẹ ṣeun. Ẹ má dúró mọ́, ṣùgbọ́n bí kò bá ní yín lára, kí a jọ mu ún. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè Àjíǹde, láago mẹ́jọ òwúrọ̀ níbí, tí Moráyọ̀ ní ó jẹ́ aago mẹ́ta ọ̀sán lọ́dọ̀ yín, màá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, màá mu tèmi, Moráyọ̀ á sì fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Ọmọ wa á kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fún àwa méjèèjì.

Ìyẹn ni tirẹ̀. Ìwọ, jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ tọ́ nígbà tó o bá ń gbé ife.

Ìyá rẹ


Létí odò
Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹrin, ìrọ̀lẹ́

Màmá mi, abiyamọ mi tòótọ́,

Ẹ kú ọdún Àjíǹde. Ẹ kú ìjókòó. Mo rí yín!

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ, torí fọ́tò kò lè sọ ọ́ tán. Láti aago kan ni Wáípó ti wẹ̀, tó ti wọ aṣọ búlúù kan tó ń rùn bí àpótí. Obìnrin ọlọ́kọ̀ wá, ó bu ọṣẹ sí ọwọ́, ó ní kí n tún ọwọ́ mi fọ̀. Wáípó gbé àga méjì sí àárín ilé. Ó jókòó sí ọ̀kan. Ó ní kí ọkọ mi gbé fóònù sórí èkejì, kó yí ojú rẹ̀ sókè, bí ẹni pé ẹ jókòó tì í.

Aago mẹ́ta lù. Mo kúnlẹ̀. Mo gbé ife àkọ́kọ́ síwájú fóònù. A ń dúró de fọ́tò yín. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì! Ọkọ mi ti ń làágùn. Mo gbé ife kejì fún Wáípó, ó gbà á, kò mu ún. Ó kàn ń wo fóònù. Mo ní kí ọkọ mi bẹ̀ ẹ́ pé kó máa mu ún, pé ó ti ń tutù. Wáípó dáhùn bí ẹni tí wọ́n dí lọ́wọ́: "Jẹ́ kó mu tirẹ̀ ná."

Ìgbà yẹn ni fọ́tò dé. Ẹ wọ aṣọ ìgbéyàwó mi, Màmá. Aṣọ tí ẹ rán tí ẹ kò rí gbé wá! Ife sì wà lójú ilẹ̀, òfìfo. Ọwọ́ yín nà síwájú, àtẹ́lẹwọ́ sísàlẹ̀, bí ẹni pé orí mi wà lábẹ́ rẹ̀.

Wáípó fa fóònù sún mọ́ ojú. Ó wò yín pẹ́. Ó wá gbé ife rẹ̀, ó mu ún tán láìmí, tíì tó ti tutù. Ó wo ọwọ́ yín lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wá gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé mi lórí, gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe ṣe é. Kò mọ̀ pé àdúrà ni, ó kàn ń ṣe ohun tó rí. Màmá, ọwọ́ rẹ̀ wúwo. Ọkọ mi bọ́ sí ẹ̀yìn ilé, ó lọ bọ́jú, ó pẹ́ kó tó wọlé.

Nígbà tí mo dìde, mo pè é lórúkọ. "Káyọ̀," mo ní, "ẹ wá jẹun." Ó bojú wẹ̀yìn, kò rí àlejò kankan.

Nídìí oúnjẹ ni Wáípó ti bi mí pé ìgbà wo ni mò ń lọ rí yín. Mo ní oṣù Kejìlá, bí Àǹtí Nusirat bá fún mi láàyè. Káyọ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó fi igi ìjẹun sílẹ̀, ó wo èmi, ó wo Káyọ̀, bí ẹni tó ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Ó ní oṣù Kejìlá jìnnà jù.

Káyọ̀ ti ń wá tíkẹ́ẹ̀tì tí a ó fi wá sọ́dọ̀ yín lóṣù kẹfà.

Ọmọ yín,
Ṣọlápé